Delia Derbyshire: Obìnrin tó fi bíléèdì àti ìṣirò ṣe orin, tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sí i fún ọdún 50

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣe bíìtì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dúró ná, tiyín ni mo mú wá lónìí. Bẹ́ ẹ bá ṣí FL Studio báyìí, ìró ìlù wà níbẹ̀, ti fèrè wà níbẹ̀, ti gìtá náà wà níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ohùn á gòkè. Ẹ tẹ òmíràn, á wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ ó tẹ undo, ó parí. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ò ní ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tó ní ni bíléèdì, téèpù, ìwé ìṣirò kan, àti etí tó ń gbọ́ ohun tí etí tiwa máa ń fò kọjá. Àwọn ló fi ṣe orin kan ní ọdún 1963 tí ayé ṣì ń gbọ́ títí dòní. Delia Derbyshire lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti kú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti nítorí ohun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe.

Ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 1937. Wọn kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ páànù ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, àwọn tó máa ń gé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọmọ ọdún 3 ni Delia nígbà tí àwọn bàálù Jámánì wá rọ òjò bọ́ǹbù lé Coventry lórí lálẹ́ ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1940. Ìlú náà bà jẹ́ gan-an. Nígbà tó dàgbà, ó sọ pé inú ogun yẹn ni ìfẹ́ òun sí ìró tó ṣàjèjì ti bẹ̀rẹ̀: fèrè ìkìlọ̀ tó máa ń ké kí bọ́ǹbù tó já, àti èyí tó máa ń dún tẹ́lẹ̀ e láti sọ pé ewu ti kọjá. Ọmọdé ò mọ ẹni tó ń fọn ọ́n, kò mọ ibi tó ti ń wá, ó kàn ń gbọ́ ọ ni. Wọ́n gbé e sá lọ sí Preston, ìlú àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Níbẹ̀, ó máa ń gbọ́ bàtà onígi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ró kòkòkò lórí òkúta títì láàárọ̀ kùtù. Ìyẹn náà ò kúrò létí ẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 8, àwọn òbí rẹ̀ ra dùùrù fún un. Rédíò ló tún kọ́ ọ ní èyí tó kù, torí ìwé ò pọ̀ nílé wọn. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé Oxford gbà á, Cambridge náà gbà á. Cambridge ló mú, kọ́lẹ́ẹ̀jì Girton, pẹ̀lú sikọláṣípù láti lọ kọ́ ìṣirò. Ẹ ronú ẹ̀ wò: ọmọ oníṣẹ́ páànù, obìnrin, ní ọdún 1956, tó fẹ́ lọ kọ́ ìṣirò ní Cambridge. Nígbà tó débẹ̀, ọkàn ẹ̀ tún fà sí orin, ó yí apá kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, ó sì jáde ní 1959 pẹ̀lú oyè nínú ìṣirò àti orin.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: tí ọmọ bá mọ ìṣirò, tó tún mọ orin, àwọn ará ilé á ní kó mú ọ̀kan. Delia ò mú ọ̀kan. Ó ń wá ibi tí méjèèjì á ti jọ ṣiṣẹ́.

Ó kọ̀wé sí Decca, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin tó tóbi jù nílùú Ọba nígbà yẹn. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn kì í gba obìnrin síṣẹ́ ní sítúdíò táwọn ti ń gba orin sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Oyè Cambridge ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó lọ sí Geneva, ó ń kọ́ ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ní dùùrù àti ìṣirò. Ó padà wálé, ó ṣe tíṣà díẹ̀ ní Coventry, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé orin. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1960, BBC gbà á síṣẹ́ ní ẹ̀ka rédíò, ipò kékeré ni wọ́n sì fi í sí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọmọbìnrin yìí ní nǹkan kan lára. Lórí ètò kan tí wọ́n ti ń yẹ àwo orin wò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní kí wọ́n lu ibi tí trombone ti wọlé, bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tó wà lórí àwo. Delia á gbé àwo náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á wo ojú ilà tó wà lára ẹ̀, á sì gbé abẹ́rẹ́ lé ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn kan rò pé ó ń ríran ni. Ojú ẹ̀ ló ń ka ohun tí etí àwọn yòókù ń wá.

Ní 1962, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Radiophonic Workshop, ní Maida Vale, London. Ó ya àwọn ọ̀gá lẹ́nu, torí kì í ṣe ibi tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ. Ọdún 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti wá ìró fún eré rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìró tí ẹgbẹ́ olórin lásán ò lè mú jáde. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n ń kó jọ láti àwọn ẹ̀ka mìíràn. Synthesizer ò tíì sí ní ọjà. Ọdún 1964 ni Robert Moog tó gbé tirẹ̀ wá fáráyé rí ní Amẹ́ríkà.

Kí ni wọ́n wá ń lò? Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ẹnjiníà fi ń dán rédíò wò, oscillator ni wọ́n ń pè é. Ìró kan ṣoṣo ló máa ń mú jáde, fíììì, bíi ti tẹlifíṣọ̀n tó ti kúrò lórí afẹ́fẹ́. Èèyàn á yí bọ́tìnì rẹ̀, ìró á gòkè tàbí kó wálẹ̀. Wọ́n á gba ìró yẹn sórí téèpù, wọ́n á fi bíléèdì gé téèpù náà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ohùn kan, gé. Ohùn kejì, gé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó orin jọ.

Ibí ni ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ má sá o. Ohùn orin, gbígbọ̀n ni. Ohun tó bá gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fún wa ní ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A. Bó bá gbọ̀n nígbà 880, A náà ṣì ni, àmọ́ ó ti gòkè lọ sí ìpele kejì. Láàárín méjèèjì, àtẹ̀gùn 12 ló wà lórí dùùrù, àtẹ̀gùn náà ò sì dọ́gba bíi ti ilé. Ẹ ò lè pín 440 sí ọ̀nà 12 kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ. Ìlọ́po ni: ohùn kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.06 èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Delia fi máa ń gbé ìwé logarithm kiri. Nígbà tí olórin mìíràn bá ń wá ohùn pẹ̀lú ọwọ́, ó ti ṣírò iye tó máa yí ẹ̀rọ sí.

Gígùn ohùn náà, ìṣirò ni. Bí téèpù bá ń sá ínǹṣì 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ohùn tó máa lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ínǹṣì 7 àbọ̀ lẹ máa gé. Bẹ́ ẹ bá gé e kù díẹ̀, orin á sáré kọsẹ̀. Àti pé bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí téèpù sáré ní ìlọ́po méjì, ohùn á gòkè ìpele kan. Onígángan á fún ọsán kí ohùn ìlù rẹ̀ tó gòkè; Delia, eré téèpù ló ń fún.

Ní 1963, BBC ń múra àtibẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n tuntun kan, Doctor Who, ìtàn ọkùnrin kan tó ń rìnrìn àjò láti ìgbà kan sí ìgbà mìíràn. Wọ́n fẹ́ orin tó máa ṣí i. Ron Grainer, ọmọ ilẹ̀ Australia tó lórúkọ nídìí orin tẹlifíṣọ̀n, ló kọ ọ́. Ojú ewé kan péré ni: ohùn orin náà, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa gbé e, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ń sọ irú ìró tó wà lọ́kàn rẹ̀, bí atẹ́gùn, bí kùrukùru. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó lọ sinmi ní Portugal.

Ojú ewé kan yẹn ló di iṣẹ́ Delia, pẹ̀lú Dick Mills tó ń ràn án lọ́wọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ró gbìmgbìm yẹn, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n ta tí wọ́n gbà sórí téèpù; gbogbo ohùn yòókù jáde láti ara ọ̀kan yẹn, nípa yíyí eré téèpù padà, kí wọ́n sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin tó ń fò lókè, oscillator ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kí ohùn lè máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Èyí tó dà bí atẹ́gùn, ariwo ṣṣṣ bíi ti rédíò tí ò gbá ilé iṣẹ́ kankan ni, tí wọ́n sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, kí èyí tí wọ́n fẹ́ nìkan lè ṣẹ́kù.

Ẹ̀rọ tó lè gba ìró púpọ̀ pa pọ̀ sórí téèpù kan ò sí lọ́dọ̀ wọn. Téèpù ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan, ti orin wà lórí òmíràn, ti atẹ́gùn náà wà lọ́tọ̀. Wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á jọ tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan wà tí ohùn kan ṣáà ń ṣàìbára mu. Wọ́n wá a tì. Ni wọ́n bá tú àwọn téèpù náà sílẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà ní Maida Vale, wọ́n tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń rìn lọ pẹ̀lú wọn, wọ́n ń wo ibi tí ìlẹ̀mọ́ kan ò ti bá èkejì dọ́gba, títí wọ́n fi rí i. Undo tiwọn nìyẹn.

Nígbà tí Grainer padà dé tó gbọ́ ọ, ẹnu yà á débi tó fi béèrè bóyá òun lòun kọ nǹkan yìí lóòótọ́. Delia dá a lóhùn pé òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Grainer, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ṣe bí ọmọlúàbí. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ Delia mọ́ tòun gẹ́gẹ́ bí àwọn méjì tó jọ ṣe orin náà, kó sì máa gba nínú owó tó bá ń wọlé lórí rẹ̀. BBC ò gbà. Ìlànà wọn ni pé òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yẹn kì í ní orúkọ. Orúkọ ẹ̀ka ni wọ́n máa kọ. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963. Orúkọ Grainer wà níbẹ̀, ti Radiophonic Workshop wà níbẹ̀. Ti Delia ò sí. Owó oṣù rẹ̀ ló ń gbà, kò sí kọ́bọ̀ lórí orin náà.

Èmi tí mò ń fi ìròyìn kíkọ jẹun mọ díẹ̀ nínú bó ṣe máa ń rí lára. Ìwé ìròyìn kan ti tẹ iṣẹ́ mi rí, tí wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé akọ̀ròyìn wa ló kọ ọ́. Tèmi, ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ. Ti Delia, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ọdún sí ọdún, orin náà ń dún nílé àwọn èèyàn, àwọn ọmọdé ń sá sẹ́yìn àga torí ẹ̀rù, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dẹ́rù bà wọ́n.

Kò torí ìyẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 11 ló lò níbẹ̀, ó sì ṣe orin àti ìró fún ètò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Blue Veils and Golden Sands, tó ṣe fún ètò kan lórí àwọn Tuareg, àwọn èèyàn aṣálẹ̀ Sàhárà tó máa ń wé láwàní aláwọ̀ búlúù. Ìbòrí iná kan wà ní sítúdíò, irin ni, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún. Delia fẹ́ràn ìró rẹ̀ ju ti ohun èlò orin lọ. Ó lù ú, ó gbà á sílẹ̀, ó sì gé ibi tí ọwọ́ ti bà á kúrò kó lè jẹ́ kìkì ríró tó tẹ̀ lé e ló kù. Ó wá yẹ ríró náà wò, ó wá àwọn ohùn tó para pọ̀ di í, ó mú 12 tó lágbára jù nínú wọn, ó sì fi oscillator 12 tún wọn ṣe. Ohùn ẹnu òun fúnra rẹ̀ náà wà nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ó rí ooru tó ń jó lójú iyanrìn, ẹ ó rí ràkúnmí tó ń lọ jẹ́jẹ́ lọ́nà jíjìn. Ẹni tó mọ ìṣirò nìkan ì bá ti tú ìró yẹn palẹ̀, ẹni tó mọ orin nìkan ì bá ti mọ̀ pé ó dùn. Delia tú u palẹ̀, ó sì tò ó padà kó lè dùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọba, ó tún ń ṣe ti ara rẹ̀. Ní 1966, òun àti Brian Hodgson pẹ̀lú Peter Zinovieff dá Unit Delta Plus sílẹ̀. Ní 1969, òun, Hodgson àti David Vorhaus gbé àwo An Electric Storm jáde lábẹ́ orúkọ White Noise. Kò tà nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn olórin tó ń lo ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, synthesizer ti dé Maida Vale, ńlá kan tó gba ara ògiri. Ẹ ó rò pé inú ẹ̀ á dùn. Iṣẹ́ ti wá yá. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀, ọ̀sán kan ti tó o. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn gan-an. Àwọn ọ̀gá fẹ́ kíákíá, ẹ̀rọ náà sì ń fún gbogbo èèyàn ní irú ìró kan náà. Ní 1972, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun yìí tún orin Doctor Who ṣe. Ó bá wọn dá sí i. Àwọn tó gbọ́ ọ ò fẹ́ ẹ, wọ́n padà sí ti 1963. Ní 1973, ó fi BBC sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ò dùn ún sọ. Ó ṣe òṣìṣẹ́ rédíò fún àwọn tó ń ri páìpù gáàsì mọ́lẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé àfihàn àwòrán. Ó fẹ́ ọkọ, kò pẹ́. Ọtí náà bá a jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbé orin kankan jáde. Ní òpin ọdún 1990 sókè, àwọn ọ̀dọ́ olórin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Peter Kember, sì mú kó padà sídìí orin. Kò rí i ṣe pẹ́. Ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 2001 ló kú ní Northampton, ọmọ ọdún 64. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń tọ́jú, kíndìnrín ló pa á.

Nígbà tí wọ́n dé òkè àjà ilé ẹ̀, téèpù 267 ni wọ́n bá níbẹ̀. Yunifásítì Manchester ló wà báyìí. Nínú wọn, wọ́n rí ọ̀kan tó ti ṣe láti àwọn ọdún 1960 tó jọ bíìtì ijó tí àwọn DJ ń lù lóde òní, tó sì fúnra rẹ̀ sọ lórí téèpù náà pé kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, kò ṣe pàtàkì.

Ọdún 2013 ni Doctor Who pé ọdún 50. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí lọ́dún yẹn. BBC ti pa ọ̀pọ̀ nínú eré náà rẹ́ láyé àtijọ́, wọ́n ń wá wọn kiri ayé. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí 9 nínú èyí tó sọnù. Ibo ni wọ́n ti rí i? Jos, ní Nàìjíríà, nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, nínú páànù fíìmù tí eruku ti bò. Orin Delia ló ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ yìí, a ò mọ̀ ọ́n.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe eré àjọ̀dún náà, wọ́n sì kọ orúkọ Delia Derbyshire sójú tẹlifíṣọ̀n nítorí orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti kú fún ọdún 12. Ní 2017, Yunifásítì Coventry fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó dára. Àmọ́ òkú kì í ná owó, kì í sì í gbọ́ àtẹ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ bíìtì, kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ ta ló ṣe kí ni, àti iye tó jẹ́ ti kálukú. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti béèrè, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni. Grainer fẹ́ràn Delia, ìfẹ́ yẹn ò di owó, torí kò sí níwèé.

Tẹ́ ẹ bá ti kọ ìyẹn sílẹ̀ tán, ẹ wá orin rẹ̀ lórí YouTube lálẹ́ yìí, kẹ́ ẹ fi earpiece gbọ́ ọ. Doctor Who ti 1963 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí Blue Veils. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí ohùn kan ti ń kúrò tí òmíràn ń wọlé. Ẹ ò ní gbọ́ ojú bíléèdì kankan níbẹ̀.